29 péré ni wọ́n fún wàhálà àwọn ará ilé ọkọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Oṣù kejì tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni ọkọ mi kú. Ọdún ò tíì yí po tí àwọn ẹbí rẹ̀ fi ní ilé tó wà ní Òkè-Fíà kì í ṣe tèmi, ilé tí mo fi owó àjọ mi ra páànù rẹ̀. Mo kó lọ sí yàrá kan ní Ayétòrò. Oorun dá lójú mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Ṣé ìwọ ni opó àkọ́kọ́ ni?"

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló mú ìwé kan wá. Dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Thomas Holmes àti Richard Rahe, ló gbé e jáde ní 1967. Ohun 43 tó ń yí ayé ẹni padà ló wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú máàkì tirẹ̀. Èèyàn 394 ni wọ́n ní kí wọ́n fi ìgbéyàwó ṣe òdiwọ̀n, kí wọ́n wá sọ bí ìyókù ṣe wúwo tó. (Ìgbéyàwó náà gba 50, torí ayọ̀ pàápàá máa ń wúwo lára ẹni.) Ikú ọkọ 100, ìfẹ̀yìntì 45, àyípadà owó 38, wàhálà àna 29, kíkó kúrò nílé 20. Àbúrò mi ṣírò rẹ̀: 232. Ó ní láti 150 lọ, kí èèyàn máa ṣọ́ ìlera rẹ̀. Bó bá kọjá 300, ewu ńlá ni.

Mo sunkún. Ẹnì kan gbé ẹrù mi lé òṣùwọ̀n, ó sì wúwo lóòótọ́. Ọjọ́ kejì ni mo lọ yẹ ìfúnpá mi wò.

Ṣùgbọ́n 29 yẹn kéré lójú mi. Ọmọ ilé ọkọ mi tí mo san owó WAEC rẹ̀ ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ìbá fún un ní 80.

*

Ẹ kú àráfẹ́rakù, mà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín. Máàkì 47 ni tèmi nínú ìwé náà: wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde láàárọ̀, mo ń lọ jókòó sí ìdíkọ̀ rélùwéè títí di aago mẹ́rin. Irọ́ yẹn ò ní máàkì nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi, ó ní eruku tó wà lára bàtà mi ti sọ fún òun tipẹ́.