Lórí "adínnákù" àti "sọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́gbọ́n"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀: pé dímà, ìyẹn súwíìsì tí a fi ń mú kí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù pọ̀ tàbí kó kéré, ká máa pè é ní "adínnákù", àti pé èyí tí a ń tì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí a ń fi fóònù darí, kó máa jẹ́ "sọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́gbọ́n". Mo dúpẹ́ fún làálàá wọn, àmọ́ n kò lè fọwọ́ sí orúkọ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé bá mi rí. Àǹtí mi ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé àyágbé, wọn kò sì lè tú súwíìsì ara ògiri onílé. Ojú ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n fẹ́ kí iná pálọ̀ máa rọlẹ̀ lálẹ́. Mo sọ fún wọn lórí fóònù pé, "Ẹ ra gílóòbù tó ń dín iná kù, kí ẹ wá ra súwíìsì rẹ̀ tí a ń tì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì." Gílóòbù tó ń dín owó iná kù ni wọ́n rà bọ̀. Bí wọ́n ṣe rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, wìrì, wìrì, wìrì, títí orí fi ń fọ́ wọn. Wọn kò ṣi mí gbọ́. Ohun tí mo sọ gan-an ni wọ́n lọ rà.

"Dín iná kù" ti ní ilé tirẹ̀ kí dímà tó dé. Ìdí ààrò ló ń gbé: "Dín iná ọbẹ̀ yẹn kù kó má jóná," ọmọ á fa igi kan yọ, tàbí kó yí sítóòfù wálẹ̀. Nígbà tí owó iná wá di nǹkan, ó gba ìtumọ̀ kejì, ìyẹn ni ká ṣọ́ iná lò. Ta ló máa gbọ́ "adínnákù" tí kò ní kọ́kọ́ ronú kan ọ̀kan nínú méjèèjì?

Ohun tí dímà ń ṣe pàápàá yàtọ̀. Àwọn ti àtijọ́ ń dí iná lọ́nà ni. Èyí tí kò bá dé gílóòbù á di ooru lásán, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí èrè kankan lórí owó iná. Lọ́dún 1959 ni Joel Spira, ará Amẹ́ríkà, ṣe èyí tó kéré débi pé ó wọ inú àpótí súwíìsì ara ògiri. Irú èyí ń já iná, ó sì ń so ó padà, léraléra, kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè bá a. Ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà 100 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kàn ń rí i pé ìmọ́lẹ̀ rọlẹ̀ ni.

Ohun tí ojú rí yẹn, a ti ní ọ̀rọ̀ fún un láti ayé àtùpà. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ sùn, wọn kì í pa láńtánì tán. "Rẹ iná yẹn sílẹ̀" ni wọ́n máa ń wí, ọmọ á sì yí òwú rẹ̀ wálẹ̀. Ohùn náà là ń rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a bá rẹ̀ sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, a sì lè gbé e sókè padà. Nítorí náà, "arẹnásílẹ̀" ni mo mú wá. Ẹ wo bó ṣe bá "amúnáwá" mu: gbogbo ayé ló ń sọ pé wọ́n mú iná wá, ìyẹn ni ẹ̀rọ amúnáwá kò fi ṣòro gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa sọ "dímà" lọ́jà, kó máa sọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ àti amúnáwá jọ ń gbé pọ̀ láìjà.

Ní ti "súwíìsì", ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí a bá ní ká fi "tan iná" àti "pa iná" dá orúkọ, tannátanná ti ń fò káàkiri lóru, panápaná sì ti ní ọkọ̀ pupa.

Ó wá ku "ọlọ́gbọ́n". Ọgbọ́n wo ló wà nínú rẹ̀? Ẹ ní kó tàn, ó tàn. Ẹ ní kó kú ní aago mẹ́wàá, ó kú. Ọmọ tó bá ń ṣe báyẹn, onígbọràn là ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú èdè tipẹ́tipẹ́. Súwíìsì onígbọràn. Bí wáì-fáì bá lọ tí kò dáhùn mọ́, a óò mọ̀ pé kò gbọ́ ni, kì í ṣe pé ó gọ̀.

Èyí tí a ń tì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri àti waya àtùpà ló dúró sí, ohun tí ọ̀kan bá fún un ló ń gbé fún èkejì. Alárinà ni. Ọ̀pọ̀ alárinà, títàn àti pípa nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí iná rọlẹ̀, alárinà arẹnásílẹ̀ ni kó béèrè, kó má sì fi fáànù sí i, torí mọ́tò fáànù lè bàjẹ́ níbẹ̀. Irú rẹ̀ ni mo padà rà fún àǹtí mi.

Fún gílóòbù tó bá a lọ, n kò dá orúkọ kankan. "Gílóòbù tó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀" ni mo ní kí àǹtí mi béèrè lẹ́ẹ̀kejì, òun ni wọ́n sì rà bọ̀.