Ta ló ń pe àkùrọ̀ ní ilẹ̀ olómi?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ló ní ká bá òun yẹ àkọlé yìí, tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, wò: "Àgbéyẹ̀wò ipa ìwakùsà lórí ẹran igbó àti ilẹ̀ olómi." Ìwé tí wọ́n fẹ́ kà fún àwọn ará abúlé lágbègbè Iléṣà ni, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, tí wọ́n sì tún fẹ́ gbẹ́ kòtò tuntun. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìwakùsà nìkan ni mi ò bá wọn jà sí. (Hausa ń pe tíìnì ní kuza, àwọn èèyàn wa sì pọ̀ ní Jos nígbà tí wọ́n ń wa tíìnì níbẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ la ti kó kùsà wálé.)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹran igbó. Nígbà tí mo ka àkọlé yẹn fún ìyá mi, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣé ìjọba ò ní jẹ́ ká ta ẹran ìgbẹ́ mọ́ ni?" Wọn ò jẹ̀bi. Ẹni tó gbọ́ ẹran igbó, ìkòkò ọbẹ̀ lọkàn rẹ̀ ń lọ. Ẹranko igbó sàn díẹ̀, àmọ́ kò kó ẹyẹ mọ́ra, kò kó ẹja mọ́ra, ká má tilẹ̀ sọ àkèré àti akàn. Bẹ́ẹ̀ tómi bá bàjẹ́, àwọn ará inú omi wọ̀nyí ló ń kọ́kọ́ kú. Ẹ jẹ́ ká kọ "ẹranko, ẹyẹ àti ẹja". Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́.

Ilẹ̀ olómi, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní wetland, gan-an ló mú mi kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n ti ro tiwọn: àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe lórí wetland ní Ramsar, ní Iran, lọ́dún 1971, kó irà, odò, adágún, oko ìrẹsì, títí kan etí òkun tí kò jìn ju mítà 6 lọ nígbà tí omi bá fà, sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n ní kò sí ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó gba gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkun wo ló wà ní Iléṣà? Bí ẹ bá sọ ilẹ̀ olómi fún èmi, ilẹ̀ Èkó tí wọ́n ń da yanrìn sí kí wọ́n tó kọ́lé ni mo máa rò.

A kúkú ní orúkọ. Àbàtà ni ibi tí ẹsẹ̀ ń rì. Irà ni omi rẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Àkùrọ̀ ni etí odò tí à ń dá oko ẹ̀ẹ̀rùn sí. Mo ṣì ń rí àkùrọ̀ ìyá ìyá mi: oko òkè ti gbẹ pátá, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ń dán níbẹ̀, tí o bá fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, omi á sun, á kọ́kọ́ dúdú kó tó wá mọ́. Ihò akàn kún etí rẹ̀. Ẹ sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kòtò góòlù máa gba ilẹ̀ olómi, wọn ò ní mira. Ẹ ní ó máa gba àkùrọ̀ wọn, wọ́n á dìde.

Àbí ẹ ti gbàgbé ni: "Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan." Ìbátan yẹn ni ìwé náà ń fi ojú ewé rẹpẹtẹ ṣàlàyé. Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ti wà lára ogún àgbáyé UNESCO láti 2005, kò sì sẹ́ni tó ń wa góòlù nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ kúrò lára góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń sọ omi odò Ọ̀ṣun di pupa dé ibẹ̀.

Ó ku ipa. Rédíò ń lò ó lójoojúmọ́, mo mọ̀. Àmọ́ ipa ẹsẹ̀ ni ọdẹ ń tọ̀, ẹran ti kọjá lọ. Ìwé irú èyí, kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ ló yẹ kó jáde. Ohun tí Òfin 86 ti ọdún 1992 wí nìyẹn ní Nàìjíríà. Ní Alaska, ibi tí wọ́n ń pè ní Pebble, wọn ò tíì la ibi ìwakùsà kankan nígbà tí EPA, àjọ àyíká Amẹ́ríkà, sọ ní January 2023 pé iṣẹ́ náà máa pa bí éékà 2,108 irà àti omi mìíràn run, pẹ̀lú bí máìlì 8.5 odò tí ẹja salmon ń gbà. Wọ́n kọ̀ kí wọ́n da erùpẹ̀ ìwakùsà síbẹ̀. Ipa wo ni wọ́n rí tọ̀? Ẹnìkan dábàá àtubọ̀tán dípò ipa. Rárá o, ìyẹn ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ tẹnu oníṣẹ́.

Tèmi rèé: "Ohun tí wíwa góòlù lè ṣe sí ẹranko, ẹyẹ, ẹja, irà àti àkùrọ̀: àyẹ̀wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin ará Èkìtì, ọ̀dọ̀ yín ni odò Ọ̀ṣun ti sun. Kí lẹ ń pe irà nílé?