Ṣé ibi tí èèyàn ò ti gbọdọ̀ jiyàn ni wọ́n ń pè ní safe space?

Ìyá Kọ́yà: Ẹ kú ilé o. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn dá ẹgbẹ́ WhatsApp kan sílẹ̀, wọ́n ní safe space ni, ìyẹn ibi tí èèyàn ti lè sọ tinú ẹ̀ láìbẹ̀rù. Ọmọ kan ní òun ò fara mọ́ ohun tí ẹnìkan sọ nípa ọkọ yíyan, wọ́n yọ ọ́ dànù lójú ẹsẹ̀. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ọmọ Alárè: Ilé ọtí tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ń kóra jọ sí ní Los Angeles l'Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1960 ni wọ́n sábà máa ń tọ ọ̀rọ̀ náà, safe space, dé. Àwọn obìnrin tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ náà lò ó. Ìjà ti dé sí i: ní 2016, Yunifásítì Chicago kọ̀wé sáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun pé àwọn ò fọwọ́ sí safe space téèyàn á fi máa sá fún èrò tó yàtọ̀ sí tiẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìyá Kọ́yà, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Lọ́jọọjọ́ Sátidé lèmi àtàwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa l'Ékòó máa ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Gbogbo fóònù ń wọ inú agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, tèmi náà ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n ń jiyàn dáadáa! Ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ń sọni dàgàn, èkejì ní irọ́ ni. Mo jẹ́ kí wọ́n fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún kí n tó ṣàlàyé pé kì í sọni dàgàn. Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n fi ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lọ síta. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fọkàn tán WhatsApp: ẹnikẹ́ni lè ya ojú fóònù, kó fi ránṣẹ́.

Àmọ́, ó lóhun tí mi ò lè pa mọ́ láṣìírí o. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu ni mo ti máa ń sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ń fipá bá ọmọdé lò pọ̀, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Mirabel Centre wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH n'Íkẹjà láti 2013, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀.

Ìyá Kọ́yà: Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Ọmọ tí wọ́n yọ ńkọ́?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Kí ẹni tó yọ ọ́ fúnra rẹ̀ pè é, kó bẹ̀ ẹ́, kó tó dá a padà. Kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́, torí ojú gbogbo wọn ni wọ́n ti yọ ọ́.