Kóòṣì wa ò fẹ́ kí gólì gbá bọ́ọ̀lù sókè rárá: ṣé ká yọ ọ́ ni àbí ká fi í sílẹ̀?

Akọ̀wé Tíìmù, Òkè-Àdó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi ni akọ̀wé tíìmù àdúgbò wa, àwọn ọmọ tí ò tíì ju ọdún 19 lọ. Ìdíje kan ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá, kóòṣì sì ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Kóòṣì yìí mọ bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá ní kò mọ̀ ọ́n, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n Guardiola, gbajúmọ̀ kóòṣì ọmọ Spain yẹn, ló gbé sórí bí ẹni gbé òrìṣà. Gólì, ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n, ò gbọdọ̀ la bọ́ọ̀lù síwájú. Tó bá ti di gólì-kíìkì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí gólì fi ń bẹ̀rẹ̀ eré padà láti iwájú àwọ̀n, dìfẹ́ndà méjì á wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ gólì nínú 18, àpótí ńlá tó wà níwájú àwọ̀n, wọ́n á máa fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wọn jẹ̀ẹ́jẹ̀ẹ́ títí àwọn alátakò á fi sáré wá bá wọn, kí àyè lè ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn yẹn. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ó dùn ún wò. Pápá tiwa ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ pápá ilé ìwé tá à ń lò, ẹ mọ̀ pé ó dà gẹ̀rẹ́ sí apá kan, òkúta wẹ́wẹ́ sì kún ibi tí gólì ń dúró sí. Nínú eré tá a gbá kẹ́yìn, dìfẹ́ndà wa dá bọ́ọ̀lù padà fún gólì, bọ́ọ̀lù kọlu òkúta, ó fò kọjá lórí ẹsẹ̀ gólì, ó wọ àwọ̀n. Gbogbo pápá fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kóòṣì ò tiẹ̀ dìde lórí àga. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó wá fọwọ́ júwe sí gólì pé kó tún un ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ìwà rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Kì í pariwo, kì í bú ọmọ ẹnikẹ́ni, kì í gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ òbí. Ṣùgbọ́n kì í ṣàlàyé. Stráíkà kan wà tá a ní, ọmọ gíga; tí wọ́n bá ti gbé bọ́ọ̀lù sókè níwájú gólì, orí tirẹ̀ ló máa kàn án. Kóòṣì ti fi í sórí béǹṣì torí pé kì í sáré padà wá lé bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà ò mọ ìdí, àfìgbà tí mo lọ béèrè kí n tó mọ̀. Alhaji tó ń ra jẹ́sì fún wa ti wá ní tá ò bá wá ẹlòmíì, òun ò náwó mọ́. Ẹni tí Alhaji sì fẹ́ ká gbà, oníwàhálà ni, bẹ́líìtì ló fi ń lé ọmọ kiri pápá.

Kí la fẹ́ ṣe sí i?

Ọmọ Adámásingbà:
Ẹ yọ ọ́. Ẹ ò ní koríko, ẹ ò ní Ederson tó ṣe gólì fún Guardiola ní Man City, kí lẹ wá ń fi jẹ̀ẹ́jẹ̀ẹ́ ṣe? Bọ́ọ̀lù àdúgbò, ẹ là á síwájú kí ẹ máa sáré tẹ̀ lé e.

Ìyá Gólì, Àpáta:
Gólì lọmọ tèmi náà, tíìmù mìíràn ló wà. Kóòṣì tiwọn bú u níwájú gbogbo èèyàn torí gólì kan ṣoṣo tó wọlé, ọmọ náà ò fẹ́ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ wá ní kóòṣì kan wà tí irú nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀ sí, tó sì ní kí ọmọ tún un ṣe? Ẹ bá mi kí i gidi. Ti bẹ́líìtì yẹn, ẹ má tiẹ̀ dá a lábàá.

Rẹfirí tó ti fẹ̀yìn tì:
Ohun kan wà tí ẹ ò tíì sọ. Kóòṣì yín kọ́ ló dá ìyẹn sílẹ̀ látinú orí ara rẹ̀, òfin ló ṣí ọ̀nà fún un. Tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù gólì-kíìkì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú 18 kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kàn án. Ọdún 2019 ni wọ́n yí i padà: bí gólì bá ti gbá a tó sì yí, eré ti bẹ̀rẹ̀, dìfẹ́ndà lè gbà á nínú 18 níbẹ̀. Àmọ́ àwọn alátakò gbọ́dọ̀ wà lóde 18 títí bọ́ọ̀lù á fi yí. Ní pápá àdúgbò, ọ̀pọ̀ ni ò mọ ìyẹn. Wọ́n á ti dúró ti gólì lọ́rùn kó tó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, rẹfirí náà á sì máa wò wọ́n. Tí ẹ bá dé ibi ìdíje, ẹ lọ bá rẹfirí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó máa mú òfin yẹn lò. Tí kò bá ní mú un lò, ẹni tó bá ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré nínú 18 ń wá wàhálà fún ara rẹ̀ ni.

Akọ̀wé Tíìmù, Òkè-Àdó:
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló ṣẹlẹ̀ sí wa. Inú 18 ni wọ́n ti ń dúró dè wá.

Tíṣà Eléré, Bódìjà:
Èmi ń kọ́ ọmọ ní eré ìdárayá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìṣòro kóòṣì yín kọ́ ni pé ó fẹ́ràn Guardiola. Ìdajì Guardiola ló rí. Ederson tí ẹ ń dárúkọ yẹn, kì í ṣe torí pé ó lè fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ ní tòsí nìkan ni wọ́n ṣe rà á ní 2017. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Tí àwọn alátakò bá ti rọ́ wá sí iwájú 18 pátá, ó máa ń ta bọ́ọ̀lù kọjá lórí gbogbo wọn, á balẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lókè lọ́hùn-ún. Ìyẹn náà wà nínú ẹ̀kọ́ Guardiola: ibi tí àyè bá ṣí sí ni kí bọ́ọ̀lù gbà. Tí wọ́n bá rọ́ wá, òkè ṣí. Tí wọn ò bá wá, ẹ rìn ín jẹ̀ẹ́jẹ̀ẹ́. Kóòṣì tó bá ní bọ́ọ̀lù gígùn kì í ṣe bọ́ọ̀lù, kò tíì wo Man City dáadáa.

Ti stráíkà gíga yẹn, ẹ bi kóòṣì yín ní ohun tí Guardiola fúnra rẹ̀ ṣe ní 2022. Ó ra Erling Haaland, ọmọ gíga, tó lè má fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù fún ìgbà pípẹ́ nínú eré. Sáà yẹn, Haaland gbá 36 wọlé nínú líìgì Premier, City sì gba ife mẹ́ta. Wọn ò kọ́kọ́ sọ ọ́ di Bernardo Silva, ọmọ àárín wọn tó máa ń sáré kiri pápá, kí wọ́n tó lò ó.

Carlo Ancelotti ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kóòṣì. Ní Parma ní Ítálì, ní 1997, ó kọ̀ láti gba Roberto Baggio, torí pé Baggio fẹ́ gbá lẹ́yìn stráíkà, òun sì ti pinnu pé 4-4-2 ni, ìyẹn dìfẹ́ndà mẹ́rin, ọmọ àárín mẹ́rin, stráíkà méjì. Ó padà kábàámọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé Juventus, ó bá Zidane níbẹ̀, ó sì yí fọ́méṣọ̀n padà nítorí Zidane. Ní Milan, ó fi Pirlo sẹ́yìn níwájú dìfẹ́nsì kó lè máa pín bọ́ọ̀lù láti ibẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ lòun náà, kì í lé ọmọ kiri, ìpéǹpéjú tó máa ń gbé sókè yẹn làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Champions League márùn-ún ló ti gbà gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì, kò sì sẹ́ni tó gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Adámásingbà:
Tíṣà, ẹ̀yin náà ò gbọdọ̀ fi Ancelotti dá wa lẹ́rù. Ta ló fẹ́ wá ṣe Ancelotti ní Òkè-Àdó lórí owó mọ́tò lásán?

Bàbá Shooting:
Ẹ jẹ́ kí àgbà fọhùn. Èmi ti ń lọ sí Liberty kó tó di Obafemi Awolowo Stadium, ojú mi ti rí oríṣiríṣi kóòṣì. Kóòṣì tó ń dákẹ́ tó ń kọ̀wé kì í ṣe nǹkan àjèjì ní Ìbàdàn. Adegboye Onigbinde tó kó Shooting Stars dé fáìnà Áfíríkà ní 1984, tíṣà ni, bíi tíṣà náà ló sì ṣe ń ṣe bọ́ọ̀lù rẹ̀. Òun náà ló kó Super Eagles lọ sí World Cup 2002, Sunday Oliseh tó ti ṣe kápítéènì kò sì sí lára àwọn tó kó lọ. Eré England, ó fi Vincent Enyeama, ọmọ ọdún 19, sí gólì. Òmì ni wọ́n gbá. Ṣùgbọ́n Argentina àti Sweden ti nà wá ṣáájú, a ò kọjá ìpele àkọ́kọ́, àwọn kan sì ń bá a jà títí di òní. Torí náà ẹ má fi agídí nìkan ṣèdájọ́ kóòṣì. Agídí kan náà tí ẹ ń bú ni ẹ máa yìn lọ́jọ́ tó bá ṣiṣẹ́.

Westerhof tó ṣe kóòṣì Super Eagles wa láti 1989 sí 1994 lágídí ju ti yín lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ó ní Yekini, ọmọ tó ti gbá fún Shooting wa tẹ́lẹ̀. Ó fi Finidi sí ọ̀tún, ó fi Amuneke sí òsì, ó ní kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Ní Tunisia 1994, márùn-ún ni Yekini gbá wọlé, kò sẹ́ni tó jù ú lọ níbẹ̀, a gba ife Áfíríkà. Ní World Cup ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà, gólì tó fi gbá àwọ̀n Bulgaria mú tó ń sunkún, Finidi ló gbé e wá láti ọ̀tún. Ẹ bá mi bi kóòṣì yín: tó bá jẹ́ òun ló ni Yekini, ṣé orí béǹṣì ló máa fi í sí?

Jósé Mọ́kọ́lá:
Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi ò fara mọ́ apá kan níbẹ̀ ṣá. Stráíkà náà lè sáré padà, tó bá mọ ìdí tó fi yẹ kó sáré. Ẹ wo Eto'o, stráíkà Barcelona nígbà náà. Ní 2008, Guardiola sọ ọ́ síta gbangba pé òun ò ní lò ó. Ó dúró, òun náà ló gbá àkọ́kọ́ wọlé nínú fáìnà 2009 ní Róòmù, wọ́n ṣì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ibrahimović, stráíkà Inter, lọ́dún yẹn náà. Ó dé ọ̀dọ̀ kóòṣì Mourinho ní Inter. Oṣù Kẹrin 2010, wọ́n lọ bá Barcelona ní Camp Nou, Thiago Motta gba káàdì pupa kí ìdajì eré tó pé. Wọ́n páàkì mọ́tò síwájú gólì, ìyẹn ni pé gbogbo wọn padà wá ṣọ́ àwọ̀n. Eto'o, stráíkà tó tó bẹ́ẹ̀, ó di dìfẹ́ndà, ó ń lé wíńgà kiri. Wọ́n na Inter ní 1-0, ṣùgbọ́n Inter ló kọjá, torí wọ́n ti na Barcelona 3-1 ní Milan. Lójú tèmi, stráíkà kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún kóòṣì tí kì í bá a sọ̀rọ̀.

Kóòṣì yín fẹ́ kí ọmọ náà máa sáré padà, kò sì sọ fún ọmọ náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀bi rẹ̀.

Ìyá Aláṣọ, Gbági:
Akọ̀wé, ṣé ẹ̀yin ti jókòó bá kóòṣì sọ̀rọ̀ rí?

Akọ̀wé Tíìmù, Òkè-Àdó:
Alhaji bá a sọ ọ́ ní pápá lọ́jọ́ eré yẹn. Ó dákẹ́.

Ìyá Aláṣọ, Gbági:
Níwájú àwọn ọmọ?

Akọ̀wé Tíìmù, Òkè-Àdó:
Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ìyá Aláṣọ, Gbági:
Háà. Ẹ fẹ́ kó ṣe kí ni? Tó bá dá Alhaji lóhùn, wọ́n á ní ó rí àgbà fín. Ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn lóòótọ́, àmọ́ ẹ má fi ti bọ́ọ̀lù kún un. Ẹ lọ bá a nílé nírọ̀lẹ́, ẹ̀yin nìkan, ẹ má mú Alhaji dání. Ẹ ní kó ṣí ìwé tó ń kọ yẹn fún yín.

Tíṣà Eléré, Bódìjà:
Ẹ gbọ́ tiwọn. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má sọ pé "yí i padà". Kóòṣì tó bá nífẹ̀ẹ́ ohun tó ń kọ́ ọmọ kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ bi í ní nǹkan tó ṣe é dáhùn: apá ibo nínú pápá ni wọ́n ti lè máa fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ nílẹ̀, apá ibo ni kò ṣe é ṣe? Tí alátakò bá dúró sínú 18 tí rẹfirí ò sọ̀rọ̀, kí ni gólì máa ṣe? Stráíkà yẹn, ìṣẹ́jú mélòó ló lè lò ó? Ẹ sì ṣa òkúta ojú gólì kúrò, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ò gba kóòṣì kankan.

Akọ̀wé Tíìmù, Òkè-Àdó:
Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ o. Ó ṣí ìwé náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti ya àwòrán pápá yẹn, ó ti fi ìlà pupa yí apá tó dà gẹ̀rẹ́ ká! Ó ní òun mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ò ní dúró níbẹ̀, pé àwọn ọmọ lòun fẹ́ kí wọ́n rí i fúnra wọn. Mo ní, "Kóòṣì, ẹ sọ ọ́ fún wọn." Ó rẹ́rìn-ín.

Ó gbà pé tá a bá ti ń dáàbò bo apá ibi òkúta, gólì lè la bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ rẹfirí yẹn yà á lẹ́nu, ó ní òun á mú un lò. Ní ti stráíkà, kò gbà kó bẹ̀rẹ̀ eré. Ìdajì kejì ló máa wọlé, ó sì ti ṣèlérí pé òun máa pe ọmọ náà sọ ìdí fún un kí tréníìnì tó bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé.

Bàbá Shooting:
Ìdajì kejì kéré o. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ ná.

Jósé Mọ́kọ́lá:
Ìgbà tí ẹsẹ̀ dìfẹ́ndà alátakò bá ti rọ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dùn jù. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ọmọ Adámásingbà:
Mo ṣì ní kẹ́ ẹ yọ ọ́.

Akọ̀wé Tíìmù, Òkè-Àdó:
Alhaji ló kù báyìí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni mo fẹ́ lọ bá wọn. Tí wọ́n bá ní àwọn ò náwó mọ́, Ìyá Aláṣọ, jẹ́sì tí ò wọ́n, ṣé ó wà lọ́dọ̀ yín?

Ìyá Aláṣọ, Gbági:
Ẹ kọ sáìsì àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí mi. Ti gólì, ẹ jẹ́ kó jẹ́ àwọ̀ mìíràn o, kí rẹfirí má baà lé e padà.