Lórí àbá "àbọ̀", "ìkọ̀" àti "àtúnfiránṣẹ́" fún ìbánisọ̀rọ̀ aláìlókùn

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni a ń wá fún bí àwọn ẹ̀rọ aláìlókùn, bíi fóònù àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn: olùgbà á sọ bóyá iṣẹ́ náà yé òun, olùránṣẹ́ á sì tún un rán bí kò bá yé e. Àbá àkọ́kọ́ tó wà níwájú wa ni pé kí a pe ọ̀rọ̀ tí olùgbà ń dá padà sí olùránṣẹ́ ní "àbọ̀". Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tí a rán níṣẹ́ ló ń jábọ̀ fún ẹni tó rán an, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbì rédíò tó gbé iṣẹ́ lọ kì í padà wá sọ nǹkan kan. Ẹni tí a jẹ́ iṣẹ́ náà fún ló ń fọhùn. "Èsì" ni mo fara mọ́.

Àbá kejì, ìyẹn "ìgbà" (láti ara "gbà", fún "ó yé mi") àti "ìkọ̀" (láti ara "kọ̀", fún "kò yé mi") fún irú èsì méjèèjì, ló ṣòro fún mi jù. Ẹni tó kọ nǹkan mọ̀ ọ́n mọ̀ kọ̀ ọ́ ni, ṣùgbọ́n olùgbà fẹ́ iṣẹ́ náà, ariwo ojú ọ̀nà ni kò jẹ́ kó lè tú u. Kódà, ó ti gbà á, nítorí pé kì í da ẹ̀dà tó bàjẹ́ náà nù: ó ń tọ́jú rẹ̀ kó lè pa á pọ̀ mọ́ èyí tó ń bọ̀. Nítorí náà, "èsì yíyé" àti "èsì àìyé" ló bá iṣẹ́ wọn mu. Kí a sì ya "ìdákẹ́", ìyẹn ìgbà tí èsì kankan kò wá, sọ́tọ̀, torí pé olùgbà lè má tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ránṣẹ́ sí òun.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Bí olùránṣẹ́ bá ṣi èsì yíyé gbọ́ bí àìyé, àtúnfiránṣẹ́ kan péré ló ṣòfò. Bó bá ṣi àìyé gbọ́ bí yíyé, yóò kọjá sórí iṣẹ́ mìíràn, àdánù náà yóò sì wà níbẹ̀ títí ìpele òkè, ìyẹn apá ètò ìbánisọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lókè èyí, yóò fi ṣàwárí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àfojúsùn LTE (ìmọ̀ ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì 4G) fi gba ìṣìgbọ́ 1 nínú 100 láàyè fún ti àkọ́kọ́, tó sì fi 1 nínú 1,000 ṣe gbèdéke fún èkejì.

Ní ti "àtúnfiránṣẹ́", kó dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbogbogbòò. Lábẹ́ rẹ̀, "àtúnrán" yóò jẹ́ ti ọ̀nà tí David Chase gbé kalẹ̀ ní 1985, níbi tí ẹ̀dà kan náà ti ń padà lọ, "àránkún" yóò sì jẹ́ ti ọ̀nà tó ń fi ẹ̀rí tuntun, ìyẹn àfikún bíìtì tó ń ran olùgbà lọ́wọ́ láti tú iṣẹ́ náà, kún ti tẹ́lẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Ní 5G, olùgbà lè fèsì lórí apá kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ kan náà, kí a lè tún èyí tó bàjẹ́ nìkan rán. "Ìpín" ni mo ń lò fún apá náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́rùn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀wọ́ mú un wá.