Ṣé kí n fi báǹkì sílẹ̀ torí ìwádìí ẹnubodè?

Ọmọ Bàrígà: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mò ń wá. Báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Marina, ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti gba másítà lórí ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè ní Yunifásítì Èkó, Akoka, ọkàn mi kò kúrò nídìí ìwé. Ohun tó wù mí ni láti máa ṣèwádìí bí ìjọba wa ṣe ń bá àwọn aládùúgbò wa lò, àti ohun tí ìyẹn ń sọ ààbò ẹnubodè dà. Ọ̀gá tí mo fẹ́ kó bójú tó iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé mi ní kí n kọ ọ́ lórí Mali, Niger àti Burkina Faso tó kúrò nínú ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní oṣù kìíní 2025. Ṣùgbọ́n Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè àwa àti Benin, ló ń fa èmi. Àwọn òbí mi sì ń bẹ̀rù pé ebi ni yóò pa mí. Èwo ni kí n ṣe?

Bàbá Olùkọ́: Ọmọ mi, má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kọ́kọ́ fi másítà yẹn wá ipò assistant lecturer. Owó TETFund, àpò owó ìjọba fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí wọ́n fi ń ránni lọ kàwé, àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ló wà fún, kì í ṣe òṣìṣẹ́ báǹkì. Kó o sì máa tọ́jú owó. Lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ ni ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gbà, owó oṣù kò sì wọlé. Ẹni tí kò ní nǹkan nípamọ́ rí màbo.

Ìyá Àgbádárìgì: Sẹ̀mẹ̀ ni kó o mú, àbúrò mi. Wọ́n ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí i. Àwa tá à ń ṣòwò lójú títì jẹ gbèsè. Àwọn onífàyàwọ́ ńkọ́? Wọ́n gba inú igbó àti ojú ọ̀sà. Wá wo oṣù karùn-ún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò: epo fàyàwọ́ láti ọ̀dọ̀ wa tí wọ́n ń pè ní kpayo lọ́hùn-ún gbówó lórí lójú ẹsẹ̀, fàyàwọ́ rẹ̀ sì dínkù. Ohun tí ìbọn aṣọ́bodè kò lè ṣe, iye owó epo ṣe é. Ta ló ń kọ ìyẹn sílẹ̀ dáadáa fún wa? Tó o bá ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni kó o kọ́kọ́ yà. Má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni, má sì kọ orúkọ ẹni tó bá bá ọ sọ̀rọ̀ sínú ìwé rẹ. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ní ọmọ nílé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn o. Ọ̀rọ̀ Sahel, ìyẹn agbègbè Mali, Niger àti Burkina Faso, ni àwọn olówó ìwádìí lókè òkun ń bèèrè. Ẹ ro ti oúnjẹ náà mọ́ ọn.

Bàbá Olùkọ́: Òótọ́ ni pé owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kó débi tí àwọn ológun Niamey, olú ìlú Niger, ti ń ṣèpàdé? Ìwé ìròyìn ni yóò jókòó máa kà. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà lọ́dún 1889 fi Kétu sí ọ̀hún ní Benin, ó fi Ìmẹ̀kọ sí ìhín, ẹbí sì wà lọ́tùn-ún lósì. Yorùbá tí ọmọ yìí ń sọ yóò wọlé tí ẹlòmíì kò lè wọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ tó kọ́ wọn ní Akoka, iṣẹ́ lórí ẹnubodè ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Faransé nìkan ni kó o tètè kọ́. Ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ ọ wà ní Àjárá, l'Ágbádárìgì, ìwé ìjọba Faransé ayé àtijọ́ sì wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin. Ilé ìkàwé NIIA, ilé ìwádìí ìjọba wa lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, náà wà ní Kofo Abayomi, Victoria Island.

Ọmọ Bàrígà: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ ṣeun, mà. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ṣé kò tíì pẹ́ jù fún Faransé?

Ìyá Àgbádárìgì: Èmi tí mo ti lé ní ogójì kí n tó kọ́ ọ lọ́jà Kútọnu ńkọ́? Wá lọ́jọ́ Sátidé, màá mú ọ mọ ìyálọ́jà.