Ọkọ mi forí gbá nínú jàǹbá ọ̀kadà, wọ́n ní kó wá fọwọ́ síwèé

Ìyá Ìbejì, Adó

Èkìtì kete, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin báyìí tí bọ́ọ̀sì akérò kan kọlu ọkọ mi lórí ọ̀kadà rẹ̀ lọ́nà Ìyìn. Ẹ̀yìn ló ti gbá a. Ó dákú. Wọ́n ṣe CT scan nílé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti dà díẹ̀ sínú agbárí ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí wọ́n máa ṣí orí. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò níbẹ̀. Apá kò kán, ẹsẹ̀ kò kán. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé, "Ọlọ́run ṣeun, kò sí nǹkan tó ṣe é." Èmi náà ń ṣe àmín.

Ìgbà tí a délé ni mo tó mọ̀. Káfíńtà ni. Ẹni tó jẹ́ pé ojú lásán ló fi ń mọ ìwọ̀n pákó, ó ń wọn pákó kan náà lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, yóò sì tún gé e kù. Ó gba owó iṣẹ́, ó ní òun kò gbà á. Tí àwọn ìbejì bá pariwo, á di etí mú, á máa jágbe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ létí nítorí ìṣó, lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ tó ń sunkún. N kò mọ ọkùnrin yẹn o.

Ẹni tó ni bọ́ọ̀sì ti kó àwọn àgbà wá bẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó san ₦120,000 nínú owó ilé ìwòsàn. Ní báyìí ó fẹ́ mú ₦200,000 wá, pẹ̀lú ìwé tí ọkọ mi máa fọwọ́ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé kò ní pe ẹjọ́ láéláé. Ọkọ mi ní òun máa fọwọ́ sí i. Èmi kò lówó lọ́yà. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Onímọ́tò

Ẹ kú wàhálà, Ìyá Ìbejì. Ẹ gba owó yẹn o. Ẹjọ́ tí ẹ bá pọn ọmọ lọ, ọmọ náà lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀. A kì í sì ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọkùnrin tó kó àgbà wá dọ̀bálẹ̀, èèyàn ni.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Ohun tí Ìyá Ìbejì kà sílẹ̀ yìí, ìgbàgbé, ìbínú òjijì, ariwo tí kò ṣeé gbọ́, bí ìpalára ọpọlọ ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Kì í ṣe ìwà, kì í sì í ṣe ayé. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó hàn bí yóò ṣe rọlẹ̀ sí, ti ẹlòmíràn kò sì ní lọ tán. Ta ló wá lè mọ iye tó tọ́ lónìí?

Ẹ mú un padà lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sọ ti pákó yẹn fún dókítà bí ẹ ṣe sọ ọ́ níbí. Ẹ bèèrè fún ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n á ti kọ máàkì kan sí i tó ń fi hàn bí ó ṣe lajú, bí ó ṣe sọ̀rọ̀, bí ó ṣe mira: 3 ló kéré jù, 15 ló pọ̀ jù. Lọ́yà máa nílò rẹ̀. Ó dé aṣíborí bí?

Ìyá Ìbejì, Adó

Kò dé e. Ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá nìyẹn.

Ọmọ Ìfàkì

Ẹ lọ sí NSITF, àwọn ló ń sanwó fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Fẹ̀yìn Tì

Òṣìṣẹ́ tó ní ọ̀gá ni ti NSITF, Ọmọ Ìfàkì. Ọkọ wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀.

N kì í ṣe lọ́yà, àmọ́ ìsàlẹ̀ adájọ́ ni mo jókòó sí títí irun mi fi funfun. Ìyá Ìbejì, ẹjọ́ méjì ló wà nílẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Ti ọlọ́pàá sí dẹ́rẹ́bà, ìjọba ló ni ín. Bí wọ́n bá tì í mọ́lé, ìyẹn nìkan kò sọ pé owó máa wọ ilé yín. Èyí tó wà fún owó gan-an ni èyí tí ọkọ yín fúnra rẹ̀ bá pè, òun gan-an sì ni "láéláé" inú ìwé yẹn fẹ́ pa. Ẹni tó ni bọ́ọ̀sì kò lè ti gbogbo rẹ̀ sọ́rùn dẹ́rẹ́bà, tó bá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ń jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ti aṣíborí lè dín owó kù, kò pa ẹjọ́.

Ẹ̀yin bàbá onímọ́tò mọ ti ìnṣọ́ránsì third party. Ti ọkọ̀ aládàáni kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000 láti oṣù kìíní ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìwé tí à ń nà sí ọlọ́pàá ni. Ẹni tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ní dandan! Ẹ wá nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà, ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Tó bá jẹ́ ojúlówó, lọ́yà gbọ́dọ̀ tètè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà, kí wọ́n má baà ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn.

Ti owó lọ́yà: ẹ lọ sí Legal Aid Council ní Adó. Òfin ọdún 2011 ló gbé wọn ró. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ìyẹn ₦70,000 láti ọdún 2024, kò ní sanwó lọ́yà. Bí wọn kò bá gbà yín, lọ́yà aládàáni lè gbà pé ìgbà tí owó bá jáde ni òun yóò mú tòun. Òfin iṣẹ́ wọn fàyè gbà á nínú irú ẹjọ́ yìí. Kí ẹ kọ ìdá tó máa mú sílẹ̀ o!

Adájọ́ kì í fúnni ní owó tí a fẹnu kà. Rìsíìtì oògùn, owó ọkọ̀, ìwé tó fi ń kọ iṣẹ́ kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀, ẹ kó wọn jọ. Pákó tó gé kù yẹn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Bàbá Onímọ́tò

Ṣé kí wọ́n wá lé àwọn àgbà padà ni?

Akọ̀wé Kóòtù Tó Fẹ̀yìn Tì

Rárá o. Ẹ fún wọn lómi mu. Tí ẹni tó ni bọ́ọ̀sì bá fẹ́ fi owó sílẹ̀, ẹ gbà á, kí ẹ kọ ọ́ pé owó ìtọ́jú ni, kí ẹ̀yin àti òun fọwọ́ sí ìyẹn. Ọwọ́ ọkọ yín nìkan ni kò gbọ́dọ̀ kan ìwé àṣeparí. Bí dókítà bá jẹ́rìí pé ọpọlọ rẹ̀ kò tíì jí pérépéré, ẹ̀yin lè dúró fún un ní kóòtù. Ká tó wá máa tú ìwé tó ti fọwọ́ sí ká, ọ̀rọ̀ gígùn ni. Ẹ má sì fi ẹ̀bẹ̀ fa ọjọ́ gùn, ẹ̀bẹ̀ kì í dá gbèdéke òfin láti pe ẹjọ́ dúró. Ká ní ọkọ̀ ìjọba ni, oṣù mẹ́ta péré ni òfin fún yín, ìyẹn ì bá ti kọjá.

Ìyá Ìbejì, Adó

Ẹ ṣé, ẹ̀yin bàbá mi, Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, òun ni yóò gbàlejò lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí wọ́n ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo máa lọ sí Legal Aid. Ọkọ mi ṣì ń sọ pé kí a jẹ́ kí òun fọwọ́ sí i kí ọkàn òun balẹ̀. Mo ti kó gbogbo bírò inú ilé pamọ́, títí kan ti àwọn ìbejì.